Ẹni Tí Kò Jẹyán Lọ́jọ́ Kérésì

Dókítà tó ń tọ́jú ojú mi kì í rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló sọ fún mi pé ojú ọ̀tún mi ti bò tán, pé tòsì náà ti ń tẹ̀ lé e. Ó ní òun lè ṣiṣẹ́ abẹ fún mi kí n tún máa ríran, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ọ̀bẹ kan ojú ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga tó yẹn.

"Mọ́mì, ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun. Bí ṣúgà yín bá wálẹ̀, a ó ṣe é. Bí kò bá wálẹ̀, n kò ní ṣe é."

Ó ní kí n máa rìn láràárọ̀, kí n má jẹ iyán, kí n sì jìnnà sí mínírà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ìta ni mo tó rántí pé ọdún Kérésì ti dé tán, àti pé ọmọ Àkókó ni mí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá ṣúgà jà, kó yáa mú oṣù mìíràn. Nínú oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti nílùú òyìnbó á máa wọ Ìkàrẹ́ bí eéṣú, iṣu tuntun á máa ti Ṣúpárè wọlé, odó ò sì ní sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ewúrẹ́ pàápàá ń sanra nínú oṣù yẹn, nítorí èèpo iṣu. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí ọkọ mi ti lọ sinmi, tí n kò níṣẹ́ méjì ju kí n máa kí àwọn èèyàn kú ọdún, èmi ni wọ́n ní kí n má jẹun.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ojú mi. Mo fẹ́ máa dá ka Bíbélì mi, kí n má máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin mi sì bímọ lóṣù tó kọjá, mo gbé ọmọ náà, n kò rí imú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ bàtà kanfáàsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọyẹ́ ti mú, mo sì jáde láti lọ rìn.

N kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ kan fi dúró tì mí. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.

"Mọ́mì, kí ló ṣe mọ́tò yín?"

"Kò sóhun tó ṣe é. Mo kàn ń rìn ni."

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"N kò lọ síbì kankan."

Ó wò mí títí. Ó wá ṣílẹ̀kùn. "Ó dáa, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ n gbé yín débẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó bá kọ ọkọ̀ alàgbà lójú títì, wọ́n á ní ó gbéra ga. Mo wọlé. Ó gbé mi padà sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ó gbàdúrà fún mi, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà kan tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló bá mi níbẹ̀. "Mummy, who vex you? Abeg climb, I no go collect anything." Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ìròyìn mi ti yí ìlú ká. Àwọn kan ní mo ti ta mọ́tò mi jẹ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ mi ti pa mí tì. Àwọn tó mọ̀ jù ní mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni, pé mo ń fẹsẹ̀ san án. Ìyàwó pásítọ̀ wá kí mi pẹ̀lú omijé lójú, ó gbé kéèkì ńlá kan lọ́wọ́, ó ní kí n fi mọ́kàn le. Ẹlòmíràn gbé páálí mínírà wá. N kò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ń ṣe báyìí fún ẹni tí ara rẹ̀ le, mo mọ̀ pé wọ́n á pa aláìsàn pátápátá.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ní ìrìn ìlera ń bẹ, kí tọmọdé tàgbà jáde, wọ́n sì fún wa ní síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti fìlà. Inú mi dùn pé níkẹyìn n óò rìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni káàánú mi. A dúró de alága títí oòrùn fi mú. Nígbà tó dé, inú jíìpù ló ti sọ̀ kalẹ̀, ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó sì rìn láti ẹnu géètì dé abẹ́ kánópì, jíìpù náà sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ́sìì rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, bóyá ó máa rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìrìn ti parí. Wọ́n ti pa màlúù. Ọ̀gbẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ikùn tó ti í síwájú, ẹran sì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń kìlọ̀ fún wa nípa ẹran. Mo gbé àwo tèmi fún ẹni tó jókòó tì mí, mo sì lọ sílé.

Mo wá rò ó pé Ọ̀kà ló kù. Ọ̀kà ni wọ́n bí wa sí, orí òkè, níbi tí èèyàn ò ti lè lọ ra iyọ̀ láìgun òkè láìsọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀, nínú ilé bàbá wa. Òun ni àkọ́bí, òun ló sì tọ́ mi, nítorí ìyá wa kì í kúrò lóko. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe Kérésì láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo ní n óò kúkú rìn níbẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rìn.

Mo gbàgbé òfin ilé wa. Nílé wa, ẹni tó bá kọ oúnjẹ àkọ́bí lọ́jọ́ Kérésì, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n ń gbà túmọ̀ rẹ̀: yálà ó ń bá a jà, tàbí ó rò pé àkọ́bí náà ti fi nǹkan sínú ọbẹ̀. Ìtumọ̀ kẹta kò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé iyán kalẹ̀ níwájú mi, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Mo ní kó jọ̀ọ́, ṣé ó lè bá mi wá ẹ̀wà díẹ̀.

"Ẹ̀wà? Lọ́jọ́ Kérésì? Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lo ti bọ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ṣúgà fún un, mo ṣàlàyé tojú.

"Kí ló kan ṣúgà nínú uyán? Mo fi ṣúgà sí i ni? Uṣu ni mo gún. Uyán yìí náà ni bàbá wa jẹ títí ó fi darúgbó nínú ulé yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. N kò lè jẹ ẹ́."

Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo Ọ̀kà ló máa ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń kí èèyàn káàárọ̀. Ó da ìdérí bo iyán, ó gbé e wọlé, òun náà ò sì jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì Kérésì mọ́, ìdílé ti pé sí pálọ̀. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa, àbúrò bàbá wa, ló wà ní àga ńlá.

"A gbọ́ pé ẹ̀ ń bá ara yín jà."

Mo ní a ò jà. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní a ò jà.

"Kí ló dé tí o kò fi jẹ uyán rẹ̀?"

Mo tún ọ̀rọ̀ ṣúgà sọ. Bàbá náà mi orí, ó ní ó yé òun. "Èmi náà ní in. Wọ́n fún mi lóògùn rẹ̀. Lẹ́yìn uyán ni mo máa ń lò ó."

Bàbá wá dájọ́. Ó ní inú òun dùn pé kò sí ìjà láàárín wa, nítorí náà, kí ìjà tí kò sí náà lè parí, kí àwa méjèèjì jẹun pọ̀ nínú abọ́ kan lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n gbé iyán jáde. Ó ṣe kedere pé wọ́n ti gún un kí wọ́n tó pe ẹjọ́.

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo wo ibi tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Gèlè funfun nìkan ni mo rí, n kò rí ojú rẹ̀. Inú bí mi, ó sì dùn mí.

"Bí mo bá jẹ iyán yìí," mo ní, "dókítà ò ní ṣe ojú yìí. Mi ò ní rí ojú yín mọ́ láéláé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Nígbà tí ìyá wa fẹ́ kú, gbogbo ohun tí mo bá sè ló ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ wà ní Ìkàrẹ́, ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Màá gbé uyán lọ, màá tún gbé e padà. Ẹni tí kò bá jẹun nínú ulé yìí, mo mọ ibi tó ń lọ."

Mo sunkún. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ti rò pé ìgbéraga àkọ́bí ni. Àwa méjèèjì sunkún pọ̀, Bàbá sì ní kí oúnjẹ má baà ṣòfò, ó fa abọ́ iyán sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún mi, tó ń jẹ iyán tirẹ̀ ní kíṣìnnì kí n má baà rí i, bí ẹni pé n kò gbọ́ ìró odó. Ọ̀rọ̀ ìrìn ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìrìn tí kò nídìí, wèrè ló ń rìn ín, kò sì ní jẹ́ kí n dá lọ. Ìgbà náà ni ọgbọ́n kan wá sí mi lórí. Láàárọ̀ mo gbé báàgì mi kọ́ apá, mo ní mo fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lójú ẹsẹ̀, ó ní òun á sìn mí dé ọ̀nà, nítorí kò sí ọmọlúàbí tó ń jẹ́ kí àlejò dá lọ. Ó sìn mí sọ̀ kalẹ̀ dé ojú títì. Mo ní àgbà kì í dá padà sílé, èmi náà sì sìn ín gun òkè padà. Nígbà tí a délé, ó ní kò dáa kí n dá lọ.

Báyìí ni a ṣe ń sin ara wa láràárọ̀ títí ọdún tuntun fi wọlé. Kò sí ọkọ̀ tó dúró tì wá, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè, nítorí kò sẹ́ni tó ń dí obìnrin méjì tó ń sin ara wọn lọ́wọ́. Báàgì mi kì í kúrò lápá mi. A sọ ọ̀rọ̀ ìyá wa, a sọ tàwọn ọkọ wa, a bú gbogbo ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í rìn jìnnà kó tó béèrè omi, ó sì máa ń yà sígbó léraléra. Ó ní ọyẹ́ ló ń gbẹ òun lọ́fun. Èmi náà ní ọyẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ní òun á sìn mí dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti ní kí n má jẹun kí n tó wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè jẹun kí ebi máa pa mí, nítorí náà òun náà ò fi nǹkan kan ẹnu. Wọ́n gún ìka mi. Dókítà wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ. Ṣúgà ti wálẹ̀. Ó mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fi ayọ̀ pariwo débi tí àwọn aláìsàn tó wà níta fi yọjú wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ìyá kan náà ló bí yín?" Dókítà béèrè. "Mọ́mì àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ìka tiyín náà."

"Èmi? Èmi tí mò ń jẹun dáadáa?" Ó na ìka rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ náà. Ó gún ìka mìíràn. Ó gbé ẹ̀rọ lọ bá dókítà. Dókítà wá jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó bọ́ bàtà, kí òun wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bi í láti ìgbà wo ló ti ń mumi báyìí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí.

"Àbúrò mi," ó ní, "ebi ń pa mí."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, n kò sì mọ ohun tí mo lè fún un jẹ.