Ohun Tí Mo Ń Dè Mọ́ Imú Sùn

Ọ̀sán gangan ni, nínú kíláàsì mi ní Ìlórà. Mo ń máàkì ìwé, mo ní kí n gbé orí lé tábìlì díẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ọmọ ló jí mi. Itọ́ mi ti ṣàn sórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, ó ti ba ohun tó kọ jẹ́. Mo fi etí ìró mi nù ún. Ara mi rí mi lára.

Ọkọ mi, Bàbá Bọ́lá, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Kì í ṣe pé o kàn ń hanrun o. Èémí rẹ máa ń dá dúró lójú oorun, lẹ́yìn náà wàá ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ."

Mo rò pé imú mi ló dí. Ẹni tó ń ta oògùn ní Fìdítì ta rọ́bà kékeré méjì tí wọ́n ń kì bọ ihò imú fún mi. Nígbà tí mo fà wọ́n yọ láàárọ̀, ikun àti ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ wọn. Mo bì. Mo tún gbìyànjú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òkè imú. Ó bó mi láwọ̀, oorun ọ̀sán ò sì dín kù.

Ìgbà tí mo sùn lórí ọ̀kadà ni ẹ̀rù tó bà mí. Orí mi já lu ẹ̀yìn ọlọ́kadà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" Ó sọ̀ mí kalẹ̀ lójú títì, ó fọwọ́ kan itọ́ lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó pòṣé, ó lọ.

Ní ọsibítù kan ní Ìbàdàn, wọ́n so wáyà mọ́ mi lára, mo sì sùn síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí mo ṣe ń mí. Dókítà, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, ní, "Mà, imú yín kọ́. Ẹran ọ̀fun yín ló ń dẹ̀ tí ẹ bá sùn, ó ń dí ọ̀nà èémí. Rọ́bà inú imú ò lè dé ibẹ̀." Ó ní kí n máa lo ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá wọ ìbòmú, kí atẹ́gùn náà lè máa ti ọ̀fun mi ṣí.

Mo kórìíra rẹ̀. Ìbòmú náà ń rùn bí itọ́ àná, atẹ́gùn ń kún inú mi, mo ń gùfẹ̀ ṣáá. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá Bọ́lá ló fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ikun mi kúrò nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ fajú ro.

"Gbé e wọ̀," ó ní. "Ó ti sú mi kí n máa dúró de èémí rẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọ̀ lálaalẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo jí, orí ò fọ́ mi bó ṣe máa ń fọ́ mi láàárọ̀. Mo máàkì ìwé títí ilé ìwé fi jáde. Àìsàn náà ò tíì lọ o; ọjọ́ tí mi ò bá lo ẹ̀rọ, ó ń padà. Bí èémí ẹnìkan bá ń dá dúró lójú oorun nílé yín, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò kó tó ra ohunkóhun kì bọ imú.

Ìbòmú náà ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n dókítà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀fun mi dí, ara mi ló ń jí mi kí n má baà kú; ìdí nìyẹn tí oorun fi ń gbé mi lọ́sàn-án. Ara tí mo ń bú láti ọjọ́ yìí, òun ló ń ṣọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara mi.