Ìfábẹ̀lá Ni Mo Fi Ń Fọ Gbòǹgbò Eyín

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń dá tọ́jú eyín ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ire-Akari, mo gbọ́n lójú ara mi. Bàbá Sùlè, ládàánì mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú wa, ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ní kó yọ ọ́ dànù, bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Dókítà, bí ẹ bá yọ ọ́, atẹ́gùn ni n ó máa fi pe ìrun. Àwọn ọmọ iléekéú á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo dá ihò sí eyín náà, mo ha inú gbòǹgbò rẹ̀, ó ku fífọ̀. Omi oògùn la máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín rọ sínú ihò náà, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó wọlé. Èmi gbé àtàǹpàkò lé ìdí abẹ́rẹ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fín oògùn ẹ̀fọn. Oògùn gba ìdí gbòǹgbò kọjá sínú ẹran ara. Bàbá fò lórí àga.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìrun Àílà tó, ohùn ẹlòmíràn ni mo gbọ́ láti mọ́sálásí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Kò pẹ́ ni bàbá wọlé, ètè rẹ̀ wú bí àkàrà.

"Dókítà, ẹ kúkú yọ ọ́. Mi ò lè fara da pain yìí mọ́."

Àǹtí Bísí, nọ́ọ̀sì wa tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó wọ iléèwé, ló gbà mí sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yìí fún ọ̀sẹ̀ kan. Á wálẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ kan péré o."

Bí bàbá ṣe jáde, Àǹtí Bísí di àtàǹpàkò mi mú. "Dókítà mi, èyí ti lágbára jù. Ìfábẹ̀lá ni kẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́. Ìka tó ń fá ọbẹ̀ lá kì í le jù. Ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ há sínú ihò."

Eyín tí a ti yọ sílẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ, títí ìka fi ń ro mí.

Nígbà tí bàbá padà wá, mo tún rọ oògùn sínú gbòǹgbò náà. Ìfábẹ̀lá ni mo lò. Omi ń wọlé, ó ń jáde wẹ́rẹ́.

"Ṣé ó ń dùn yín, bàbá?"

Ó mi orí pé rárá, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń tọ́jú obìnrin kan lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ mọ́sálásí ké. Bàbá Sùlè ni! Ohùn rẹ̀ já geere, kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Àǹtí Bísí wo àtàǹpàkò mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n mo ní kí obìnrin náà pa ẹnu dé ná, mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sì gbọ́ ìpè náà dópin.