Hàrúnà Bẹ̀llò àti Lẹ́tà Kẹta

Hàrúnà Bẹ̀llò ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ń ṣa obì ní Ṣàgámù fún ọdún méjìléláàádọ́ta, oníbàárà kankan kò sì dá apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà rí.

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ láàárọ̀, ó tún ń sọ ọ́ tí a bá jẹun ọ̀sán tán. Èmi ni mo ń rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ tí a ti ń ṣa obì, mo sì ti gbọ́ ọ tó.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Á mú obì kan, á yí i lẹ́ẹ̀mejì, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nídìí, á gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó dára á lọ sí apá ọ̀tún, lórí ewé gbòdògì. Èyí tí kòkòrò ti lu á lọ sínú garawa. Tí apẹ̀rẹ̀ bá kún, òun a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri. Olúkúlùkù wa ló ní àyè tirẹ̀ lára ògiri náà. Tirẹ̀ ló wà lókè pátápátá.

Kàúsárà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní àyè ní ìsàlẹ̀. Fàtíà, ọmọ Hàrúnà, ló bí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣa obì ní ọjọ́ Sátidé àti nígbà ọlidé. Ó ti pé mẹ́tàdínlógún báyìí. Orí àpótí kékeré ló máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ àgbà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ.

Ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ìdánwò Wáẹ́kì. Ó ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni òun ń kọ̀wé sí. Tí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá kọ̀wé síbẹ̀, mẹ́rin ni wọ́n ń mú, àwọn tí wọ́n bá sì mú kò ní sanwó. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mẹ́rin ni.

Tómilọ́lá ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti kàwé jáde, ó sì máa ń kó ọmọ mẹ́rìnlá jọ sínú kíláàsì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ohun tó bá sọ fún wọn, Kàúsárà á wá sọ ọ́ fún wa bí a ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má kọ ohun tí ẹ rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ má yá èdè ẹlòmíràn. Ẹ má dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn, nítorí iná lè lọ. Ẹ wá lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta: méjì lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yín, ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ yín níta kíláàsì.

Lẹ́tà kẹta yìí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹni tó ní òun yóò kọ ọ́ ni Tíṣà Afọláyan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì, ilé rẹ̀ ló ṣe ìkẹta sí ti Hàrúnà. Ọdún mẹ́rin ló ti ń yá Kàúsárà níwèé. Ọmọ náà ń pè é ní Dádì. Bàbá lásán ló ń pe Hàrúnà.

Hàrúnà kò fẹ́ràn èyí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá lọ dá ìwé padà lẹ́yìn ìrun Àìlà, obì ni Hàrúnà fi ń ka àkókò tó lò níbẹ̀.

"Ó ti tó ọgọ́sàn-án obì báyìí," ni yóò wí. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Kì í dárúkọ Afọláyan. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin yẹn ní ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó ra ọ̀kan wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní gáréèjì. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ọmọ náà. Láti àárín ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ti ya ìdajì tó wà níwájú lọ. Kàúsárà dúpẹ́, ó sì gbé e sí ìgbèrí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Fàtíà wá sọ fún un pé Tíṣà ló máa kọ lẹ́tà, obì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà wo?"

"Bàbá, tíṣà mélòó la ní ládùúgbò?"

"Ṣé ó mọ ọmọ náà jù mí lọ ni?"

"Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Bàbá. Ẹ má bínú."

Ó mú obì náà nílẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú sínú garawa. Obì tó dára ni. Mo yọ ọ́ padà nígbà tí kò wò mí.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀, ó sì jáde. Nígbà tó dé, àpò rẹ̀ wú. Kò sọ ibi tó lọ.

Ní Sátidé, Tómilọ́lá wá sí ìsọ̀ wa. Ó ní òun fẹ́ rí lẹ́tà kẹta kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, nítorí ọjọ́ márùn-ún péré ló kù. Afọláyan ti dé ṣáájú rẹ̀, ó mú lẹ́tà tirẹ̀ dání nínú àpò ìwé funfun. Mo gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Hàrúnà kò dìde. Ó ń ṣa obì lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fàtíà," ni Afọláyan wí.

"Ẹ kú ìrìn," ni Hàrúnà wí. "Ọ̀nà yín jìn púpọ̀."

Tómilọ́lá ka lẹ́tà náà tán. Ó tún un kà.

"Dádì, òyìnbó yín dùn," ó ní. "Ẹ ní ó gbọ́n, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí."

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Tí ẹ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tí ẹ fi ti ọmọ mìíràn sí i, ṣé nǹkan kan á yí padà nínú ẹ̀?"

Afọláyan gba ìwé náà, ó tún un wò.

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ ni wọ́n ń kà," ni Tómilọ́lá wí. "Ohun tí wọ́n ń wá ni ọjọ́ kan, ohun kan tí ọmọ náà ṣe, tó jẹ́ pé ojú yín ló ṣe é."

Inú Hàrúnà ti ń dùn. Ó nu ọwọ́, ó fa àpò ìwé kan yọ lábẹ́ aṣọ.

"Ẹ wo èyí," ó ní. "Káńsílọ̀ ló fọwọ́ sí i. Ẹ wo òǹtẹ̀. Méjì ni òǹtẹ̀ náà."

Tómilọ́lá kà á. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, káńsílọ̀ yìí, ṣé wọ́n ti rí Kàúsárà rí?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ rí i fún? Èèyàn ńlá ni wọ́n."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọmọkùnrin ni. Wọ́n ní òun ló ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọ́ọ̀dù wọn."

Afọláyan rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Háà, Bàbá Fàtíà! Ẹ ò sọ fún wa pé Kàúsárà mọ bọ́ọ̀lù mú tó báyìí!"

Hàrúnà gba lẹ́tà náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ìdí.

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" ni Tómilọ́lá wí. "Ọdún mẹ́rin ló ti ń jókòó tì yín. Kí lẹ rí?"

"Ọmọ dáadáa ni."

"Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ti Dádì."

"Ó máa ń tètè dé."

"Kí ló tún kù?"

Hàrúnà mú obì mìíràn, ó yí i. Mo mọ ohun tó kù. Kàúsárà náà mọ̀ ọ́n. Kò gbé orí sókè. Lókè ògiri, ní àyè Hàrúnà, ìlà kan wà níbẹ̀ tí a ti fi ọwọ́ pa rẹ́. Kò parẹ́ tán. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀.

Afọláyan yọ bírò. "Ó dáa," ó ní. "Mo rántí nǹkan kan. Ìwé mi kan ya, Kàúsárà bá mi fi bébà di ẹ̀yìn ẹ̀ kó tó dá a padà. Ẹ jẹ́ n kọ ìyẹn kún un."

"Ìyẹn sàn díẹ̀," ni Tómilọ́lá wí.

"Ẹ ṣé, Dádì," ni Kàúsárà wí.

Hàrúnà wo bírò náà. Ó wo ọmọ náà. Ó gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Apẹ̀rẹ̀ kẹtàdínlógún," ó ní.

"Kí ni, Bàbá?"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Tíṣà." Èmi kò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Lọ́dún tó kọjá, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Iléyá. Ogún apẹ̀rẹ̀ ni oníbàárà wa láti Sábó fẹ́ kó. Ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò pa ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo ṣa ìkẹtàdínlógún, wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀. Ọmọ yìí ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ ká tú eléyìí.' Mo ní kó dákẹ́. Ó ní òun rí ìyẹ̀fun lára ewé nísàlẹ̀. Mo ní kó dákẹ́. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé okùn lójú oníbàárà."

"Ìyẹ̀fun kẹ̀?" ni Tómilọ́lá béèrè.

"Tí kòkòrò bá ń jẹ obì, ìyẹ̀fun rẹ̀ á máa dà sílẹ̀."

"Mélòó ló bàjẹ́?" Afọláyan ń kọ ọ́ lọ. "Ṣé kí n kọ bí ogójì?"

"Mẹ́tàlélógójì."

Afọláyan fa igi sí ogójì.

"Oníbàárà ní ta ló ṣa irú èyí. Ọmọ yìí ní, 'Ilé wa ni, sà.' Kò wò mí. Ó jókòó, ó tún un ṣà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ dúró dè é. Mo fi ọwọ́ pa ìlà mi rẹ́ lára ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀."

Mo ń gbọ́ bírò lórí ìwé.

"Ó kù," ni Hàrúnà wí. "Ojú mi ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti lọ kírun, ó máa ń tú apẹ̀rẹ̀ mi, á tún un ṣà, á sì tò ó padà bí mo ṣe tò ó. Ó rò pé mi ò mọ̀."

"Bàbá," ni Kàúsárà wí.

"Èmi ni mò ń fa ìlà. Òun ló ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ìyẹn náà."

Òótọ́ ló sọ. Ìdí tí èmi kì í fi rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi lọ kírun nìyẹn.

Ó di ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Afọláyan kà á sókè ní èdè òyìnbó, Hàrúnà sì ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ṣé ohun tí mo sọ ló kọ?" ó bi Kàúsárà. "Kò fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run kún un?"

"Ohun tí ẹ sọ ni, Bàbá."

Afọláyan ti ń gbé bírò lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé láti fọwọ́ sí i.

"Tíṣà!"

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló ti mọ́ ọn lára."

Hàrúnà gba bírò. Álífábẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín wọn. Afọláyan kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá a kọ ọ́. Tómilọ́lá ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní èyí ni lẹ́tà. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé wọ́n á mú un, ṣùgbọ́n wọn ò ní ka irú ẹ̀ méjì.

Afọláyan ń wo ìwé náà, inú rẹ̀ kò dùn tó ti àárọ̀.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi yá ọmọ yìí níwèé," ó ní. "Kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí létí mi rí."

"Kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé wa jáde," ni Hàrúnà wí. Mi ò tíì rí i kí ọ̀rọ̀ dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe ìrun Aláásárì ní mọ́ṣáláṣí. Apẹ̀rẹ̀ kan tó ti kún wà níwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, á ti fa ìlà rẹ̀ kó tó lọ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Kàúsárà. Ó ti apẹ̀rẹ̀ náà síwájú ọmọ náà, lójú gbogbo wa.

"Tún un ṣà," ó ní. Ó wá kọjú sí Afọláyan. "Tíṣà, ẹ máa lọ sílé. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọ."

Ó dìde, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gbé ike omi àlùwàlá rẹ̀, ó sì lọ.