Ọwọ́ Tó Yọ Lójú Fèrèsé Bọ́ọ̀sì Owó Oṣù

Èmi kì í sọ ohun tí mi ò bá lè jẹ́rìí sí. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti yọ gbogbo ohun tó jọ àsọdùn kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni ojú mi rí. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìlú Chicago, a máa ń tún ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe kí àwọn èèyàn lè wá wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bọ́ọ̀sì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, tó ń rìn lórí ojú irin. Láyé ìgbà kan, òun ló ń gbé owó oṣù lọ bá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe lọ́nà jíjìn. Yóò fọn fèrè, akọ̀wé owó yóò ṣí fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò pe orúkọ, onítọ̀hún yóò dáhùn, yóò gbowó, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, yìnyín ń bọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n Ràsákì, tó ń jórin fún wa, la wà ní ṣẹ́ẹ̀dì tí bọ́ọ̀sì náà wà. Ìpẹtà ti lẹ fèrèsé náà pa, ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi iná gé e.

"Fèrèsé yìí le bí ọkàn landlord mi ní àdúgbò Auburn Gresham," ó ní.

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí fèrè bọ́ọ̀sì dún.

Ẹ gbà mí gbọ́, bọ́ọ̀sì náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Kò ní bátìrì. Èmi fúnra mi ni mo tú wáyà fèrè náà. Mo ní bóyá ọkọ̀ ojú irin ló ń kọjá lókèèrè. Mo ṣì ń rò ó nígbà tí fèrèsé ṣí, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi epo sí i láàárọ̀.

"Ràsákì Àjàní."

"Raz" làwọn òyìnbó ibẹ̀ ń pe ẹ̀gbọ́n. Èmi gan-an kò mọ̀ pé Àjàní ni oríkì rẹ̀. Ohùn inú bọ́ọ̀sì náà pè é bí ìyá ṣe ń pe ọmọ.

Ọwọ́ kan yọ jáde, tòun ti ìbọ̀wọ́ dúdú, ó mú àpò ìwé kékeré kan dání. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀.

Mo di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dáhùn," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Iṣẹ́ wo lẹ ṣe fún wọn?"

"Wọ́n mọ orúkọ mi, àbúrò."

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ bo fèrèsé mọ́ mi lójú, nítorí náà mi ò ní sọ pé mo rí i tó gba nǹkan. Mo gbọ́ tó ní, "Sà!" Fèrèsé pa dé gbàà. Nígbà tó yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní òun kò gba ohunkóhun. Mo yọjú wo inú bọ́ọ̀sì láti ẹnu ọ̀nà: eruku ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ojú ẹsẹ̀ kankan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyàwó rẹ̀ pè mí. "Àbúrò ọkọ mi, shift wo ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ẹ? Láti àná, kò tíì wálé o."

Kò sí shift kankan. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Mo wakọ̀ láti Woodridge, níbi tí mò ń gbé, lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, lórí ojú irin àpatì kan, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó ń fi sípánà ńlá de bóòtù ojú irin náà. Sípánà náà kì í ṣe tiwa. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Òtútù á pa yín."

Kò wò mí. "Má ṣèyọnu. Mi ò tíì ṣe tó èyí tí mo gbà."

Ó dáwọ́ dúró kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìró sípánà tó ń de bóòtù kò dúró.

Mo fà á dé inú mọ́tò. Ṣùgbọ́n kò yé padà síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ń débẹ̀. A kò mọ bó ṣe ń débẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, mi ò sì ní méfò. Ohun tí mo lè sọ ni pé, bí wọ́n bá pè yín wá gba owó iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe, ẹ má na ọwọ́. Wọn kì í sanwó fún ẹni tí wọn kò ní lò.