Sátidé tí Daddy Lọ́ńdọ̀nù Bá Mi Wọ Ilé Àwòrán

Òórùn ọṣẹ ni mo máa ń gbé wọlé láti Nathan Way, ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà yẹn. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìfọbọ́ là ń dì sínú páálí níbẹ̀, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ ọn a sì lẹ̀ mọ́ irun mi, mọ́ kóòtù mi, títí kan búrẹ́dì tí mo bá gbé lọ jẹ. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead bọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn tó jókòó tì mí á máa wò yíká bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àga ni. Ẹni tó bá gbé àdúgbò yẹn rí á mọ bí afẹ́fẹ́ odò ṣe máa ń gé èèyàn lójú níbẹ̀ tí òtútù bá dé. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ọ̀dọ́ ni mí, ara mi le, ojú mi sì là ju bí àwọn tó ń wò mí ṣe rò lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń gbé, ní Glyndon, lókè pátápátá nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gíga ibẹ̀. Daddy Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo àwa ọmọ ilé ní Ìjẹ̀bú ń pè wọ́n, kí n tó fojú kàn wọ́n rárá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí ìrun kan kọjá àkókò rẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn fúnra wọn, nítorí pé lójú wọn, kò sẹ́ni tó lè lọ kọ́là kó dúró bó ṣe yẹ. Ìyàwó wọn tí à ń pè ní Mummy, nọ́ọ̀sì ni, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Woolwich. Mò ń wá yàrá wa kiri ni mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n yí àga kan ká, tí wọ́n ń ya àga náà. Àga lásán! Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, n kò lè lọ. Olùkọ́ wọn, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń wọ bàtà ọkùnrin, ní kí n yáa wọlé kí n ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù, ó sì ki pépà àti pẹ́ńsù bọ̀ mí lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń fi èédú ya nǹkan sára ògiri ilé bàbá àgbà mi, wọ́n sì ti nà mí dáadáa nítorí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan kọ́kọ́ wo ohun tí mo yà, tó ní, "Ojú ẹ mú." N kò rántí kọ̀ǹpútà mọ́.

Olùkọ́ yìí ló kó wa lọ sí ilé àwòrán ńlá tó wà láàárín ìlú, èyí tó kọjú sí gbàgede tí ẹyẹlé pọ̀ sí bíi yanrìn. Mo ti pẹ́ díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́, ọjà Woolwich àti mọ́sáláṣí nìkan ni mo mọ̀ nínú rẹ̀. Bí a ṣe wọlé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi: pákó ilẹ̀ tí wọ́n fi ìda pa, àti kóòtù àwọn èèyàn tí òjò ti pa, tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lára wọn. Pákó náà ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí pupa kan lára aṣọ obìnrin inú àwòrán, pupa tó jinlẹ̀ bíi ti epo nígbà tí oòrùn bá gba inú ìgò rẹ̀ kọjá. Mo sún mọ́ ọn, ó di ọ̀dà lásán. Mo fà sẹ́yìn, ó tún di aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù, títí àwọn yòókù fi bọ́ sí yàrá mìíràn.

Láti ọjọ́ náà, Sátidé tí n kò bá ti lọ síbi iṣẹ́, ilé àwòrán ni wàá ti bá mi. Mo lọ sí èyí tó kún fún ère òkúta, mo lọ sí ti aṣọ àti ìkòkò, mo lọ sí èyí tó wà létí odò. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù, pé ohun tó jẹ́ ti àwọn ọba àti ọlọ́lá tẹ́lẹ̀, èmi tí mò ń di ọṣẹ lè wọlé kí n dúró níwájú rẹ̀ títí yóò fi tó mi. Ilé ńlá kì í bà mí lẹ́rù. Mo máa ń rìn wọ ibẹ̀ bí ẹni ń lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀.

Nígbà tí òtútù ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, olùkọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àyè wà fún mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan, pé lẹ́yìn ìyẹn mo lè lọ sí yunifásítì. Ó ní kí n lọ rò ó. Ìrònú wo? Mo ti pinnu kó tó pa ẹnu dé. Ohun tó kù ni Daddy, nítorí pé abẹ́ òrùlé wọn ni mo wà, àwọn àti Mummy sì ti bá mi wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Nídìí oúnjẹ ni mo ti sọ ọ́. Daddy gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Nursing ń dúró dè ẹ́, o ní drawing lo fẹ́ ṣe?"

"Drawing ni, Daddy."

"Kí ni kí n sọ fún bàbá ẹ? Pé ọmọ tó fi ránṣẹ́ sí mi, mo gbà fún un kó máa ya ojú èèyàn kiri? Ilé tí ojú èèyàn bá wà lára ògiri ẹ̀, málékà kì í wọ̀ ọ́."

"Ẹ bá mi lọ, Daddy," mo ní. "Ẹ bá mi lọ wo ibi tí mo máa ń lọ ní Saturday. Tí ẹ bá rí i tán, tí ẹ ṣì ní kí n má ṣe é, màá lọ ṣe nursing."

Mummy bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tẹ̀ lé e lọ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wa bọ́ọ̀sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí."

"Ọ́fíìsì ìjọba ni mo rò pé ó jẹ́," Daddy dáhùn, wọ́n sì mú ṣíbí wọn padà.

Tí mo bá rántí ìlérí tí mo ṣe nídìí tábìlì yẹn báyìí, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìgboyà ọmọdé pọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó máa dúró níwájú àwọn nǹkan yẹn tí ara rẹ̀ ò ní sọ fún un pé wọ́n ṣe pàtàkì.

Sátidé tí a lọ, Daddy wọ kóòtù dúdú tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì fi ìpara kun bàtà wọn títí ó fi ń dán. Plumstead la ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí a dé inú ilé àwòrán ńlá náà, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò láti sanwó, mo ní wọn kì í gbowó, wọ́n sì wò mí bí ẹni pé mò ń purọ́.

Orí kò fẹ́ bá mi ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀. Yàrá tí a kọ́kọ́ bọ́ sí, obìnrin kan nà gbalaja síbẹ̀ lórí ibùsùn, kò wọ nǹkan kan, ó sì tóbi ju ìlẹ̀kùn ilé wa lọ.

"Astagfirullah!" Daddy tẹjú mọ́ bàtà wọn. "Ohun tí o fẹ́ lọ kọ́ nìyí?"

"Rárá, Daddy. Ẹ jẹ́ ká máa lọ síwájú."

Mo di apá kóòtù wọn mú, mo fà wọ́n kọjá níwájú obìnrin náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fa arúgbó kọjá títì, títí a fi dé yàrá kékeré kan lápá ẹ̀yìn. Mo mọ ibi tí mò ń lọ. Àwòrán bàbá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, kò tóbi. Fìlà dúdú ni bàbá náà dé. Gbogbo ara àwòrán ṣókùnkùn, àfi iwájú orí rẹ̀, etí imú rẹ̀ àti ọwọ́ kan tó fi lé apá àga. Etí ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti ẹni tí kì í rí oorun sùn dáadáa mọ́. Kò ṣe fújà, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀.

Daddy dúró. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀yìn wa kọjá, pákó ń dún.

"Ta ni?" wọ́n bi mí nígbẹ̀yìn.

"Wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, Daddy."

"Ṣé kò ní ọmọ tó lè sọ orúkọ ẹ̀ ni?"

Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàárín yàrá, wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n gbé e lé orúnkún. Nígbà náà ni wọ́n wá béèrè ohun tí n kò retí.

"Báwo ni Bàbá ṣe wá rí?"

"Bàbá wo, Daddy?"

"Bàbá mi. Bàbá àgbà ẹ. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn."

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí Daddy fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀, bàbá àgbà ṣì ń fúnra wọn gun òrùlé láti tún páànù kàn. Nígbà tí ìròyìn ikú wọn dé Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìgbélùú Daddy kò tíì pé. Tí wọ́n bá jáde, wọn ò lè wọlé padà. Wọn ò lè lọ sin bàbá wọn. Kò sì sí fọ́tò kankan, torí bàbá àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwọn rí láyé wọn. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn, Daddy kò bi mí ní ohunkóhun nípa rẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán lọ́kàn wọn.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ pé bàbá àgbà ti rù gan-an nígbà tó kẹ́yìn, pé àga onírọ́bà kan ni wọ́n máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, tí wọ́n á gbé rédíò sórí itan wọn bí ẹni gbé ọmọ. Mo sọ pé tí rédíò bá ti dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ohun yòówù kó jẹ́, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kí gbogbo wa dákẹ́.

Daddy ò gbójú sókè. "Kí ni wọ́n ń gbọ́?"

"Wọ́n ní bóyá rédíò máa dárúkọ yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ya ojú bàbá àgbà nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Pépà wà nínú báàgì mi, pẹ́ńsù náà wà. Mo ya iwájú orí, mo ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn wọnú, àti bí bàbá àgbà ṣe máa ń yí orí sápá kan kí etí tó ṣì ń gbọ́ràn lè sún mọ́ rédíò. Daddy ń wo bí ìlà ṣe ń jáde.

"Imú Bàbá kò gùn tó yẹn," wọ́n sọ.

"Wọ́n ti rù, Daddy. Ìgbà tí wọ́n rù ló wá gùn."

Wọ́n fi ìka kan tọ́ka sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. "Àpá kan wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí páànù gé wọn."

Irùngbọ̀n ti bo àpá náà kí wọ́n tó bí mi. N kò mọ̀ pé ó wà rí. Mo yà á síbi tí ìka Daddy wà.

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ yàrá náà rìn sún mọ́ wa. Daddy jókòó ṣinṣin bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Obìnrin náà kàn bẹ̀rẹ̀, ó wo pépà orí itan mi, ó sì bi Daddy pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bóyá bàbá wọn ni.

"Yes," Daddy dá a lóhùn. "That is my father."

Ìgbà náà ni omi bọ́ lójú wọn. Wọn ò gbìyànjú láti fi pa mọ́. Wọ́n yọ áńkáṣíìfù tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, wọ́n nu ojú, wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n sì bọ obìnrin náà lọ́wọ́.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tá a wọ̀ padà, àwọn ló gbé pépà náà, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn kó má baà ká. A ti kọjá Charlton kí wọ́n tó yíjú sí mi.

"Lọ ṣe é. Èmi á bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀."

Mummy wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Ṣé bí ẹ ṣe máa rí nìyí tí ẹ bá dàgbà? Á dáa kẹ́ ẹ tètè máa jẹun." Daddy kò gbé e kọ́ sára ògiri, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e kọ́. Inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀ láti mú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, wọ́n á rí Bàbá. Tí wọ́n bá pa á dé, wọ́n á tẹ́ ẹní ìrun.

Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ń di ọṣẹ lópin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ yíyà náà sì ni mo fi ń jẹun títí dòní, mo tún ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Daddy ò gbà pé gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn dára, wọ́n ṣì máa ń sá gba yàrá àkọ́kọ́ yẹn kọjá ni. Ṣùgbọ́n àlejò kì í ti Nàìjíríà dé kí wọ́n má mú un lọ. Mo ti tẹ̀ lé wọn rí, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn kan láti Ìbàdàn pé kó rọra rìn, pé bàbá kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí àwọn fẹ́ kó kí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí pé kí ni iṣẹ́ àwòrán wà fún. Àwọn ìwé ní ìdáhùn tó gùn, mo sì mọ̀ wọ́n. Èmi ní tèmi. Ní ìdajì ọjọ́ Sátidé kan, nínú ilé àjèjì, ọmọ tí kò lè lọ sin bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì rí i bí bàbá náà ṣe darúgbó.