Ewé Kẹfà

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ewé orúwo tó ń hó nínú ìkòkò, ìyá ọkọ mi ni mo ń rántí. Kò sí àgbo tí wọ́n sè rí tí wọn kò kọ́kọ́ tọ́ wò. Wọ́n á ní, "Ẹnu mi ni mo fi ń wọn oògùn."

Ayé òyìnbó ni, ọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá sí Ìlá, ó ń ṣe ìwádìí ewé. Ìyá ka ewé márùn-ún fún un fún ibà pọ́njú. Bẹ́ẹ̀, mẹ́fà ni wọ́n ń sè.

Nígbà tó lọ, mo ní, "Ìyá, ẹ fo ọ̀kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ta ní í gbọn àpò rẹ̀ tán fún àlejò? Ìwọ ni n ó fi ewé kẹfà hàn, bí òjò ọdún yìí bá dá."

Kí òjò tó dá, ẹ̀gbà mú wọn lápá, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà, ojú àkọ́bí mi pọ́n bí ìyeyè. Mo ń já oríṣiríṣi ewé wá láti inú igbó, bóyá n ó bá ẹ̀kẹfà pàdé. Ìyá ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń mi orí pé òun kọ́, omi ń dà lójú wọn. Mo gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ó yè.

Mo sọ fún Ìyá pé ara ọmọ ti yá. Apá tó kù ni wọ́n fi tọ́ka sí igbó, pé kí n ṣì lọ já òmíràn wá.

Mo já a títí wọ́n fi kú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tọ́ wò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mi orí sí.