Ẹkún Wúńdíá ní Ẹnu Ọ̀nà Dóńà Eustolia

Bí àwọn àlejò bá dé ìlú wa, San Miguel, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ìlú yìí dákẹ́, ó sì lẹ́wà. Wọ́n á fọwọ́ pa ògiri tí a kùn ní àwọ̀ osùn, wọ́n á gbójú sókè wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, wọ́n á ní ó dà bí ẹni pé àwọn ará àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ni. Òótọ́ kúkú ni. Àwọn ará àtijọ́ ti jáde nílé, wọn ò sì padà wá, inú yàrá wọn ni àwọn àlejò ń sùn. Èmi Tomasa tí mo ń ta àbẹ́là, àti Eustolia tí à ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Dóńà, tí ògiri ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tèmi, àwa méjèèjì la ṣẹ́kù nínú àwọn tí wọ́n bí sí àdúgbò wa. Bí ọ̀rọ̀ mi bá korò létí yín, ẹ fara dà á. Inú ló ń bí mi.

Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ni Dóńà Eustolia fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Aṣọ àwọn àlùfáà àti aṣọ pẹpẹ ló ń lọ̀, láti ìgbà tó jẹ́ pé irin eléèédú ni wọ́n ń lò. Bóyá ooru irin yẹn ló bà á lójú jẹ́, bóyá ọjọ́ orí ni, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àfi kí ó gbé nǹkan sún mọ́ imú kí ó tó rí i. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Abundio, ń gbé ní ìlú Celaya. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Refugio, ti kọjá ibodè lọ sí ilẹ̀ àwọn òyìnbó láti ìgbà ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló ti ń bá onílé tọ́jú ilé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, gbogbo ilé tó bá mọ ara rẹ̀ nílùú wa máa ń tẹ́ pẹpẹ fún Màríà Oníbànújẹ́. A óò ta aṣọ àlùkò, a óò gún àsíá wúrà kéékèèké mọ́ ọsàn kíkan, a óò to àwo ọkà tí a gbìn sínú òkùnkùn kí ewé rẹ̀ lè hù ní fífunfun, a óò sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá ń kọjá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè pé, "Ṣé Wúńdíá ti sunkún?" Onílé á ní, "Ó ti sunkún o," á sì bu omi ìṣápá tútù fún un. Omi yẹn ni omijé Wúńdíá.

Ìyá àwọn Dóńà Eustolia wá fi òfin tirẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ń bá ará ilé jà, kí ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà bí àlejò, kí ó béèrè. Bí wọ́n bá ti dá a lóhùn, tí ó mu omi náà, tí ó sì da ìyókù inú ife sí ìdí ọkà, ìjà ti parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ mọ́. Mo rí i lójú ara mi nígbà tí a wà ní kékeré. Refugio kì í lè béèrè tán kí ẹ̀rín tó gbà á lẹ́nu, torí òun ló máa ń jà jù.

Ìjà tó kẹ́yìn ni kò rọrùn. Ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, Refugio kò sì ní ìwé ìgbélùú níbi tó wà nígbà náà. Bó bá wá sílé, kò ní lè padà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì kéré. Dóńà Eustolia gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ó wá pinnu pé òun ò ní sọ fún un. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, Refugio máa wá ni, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Lẹ́yìn ìsìnkú ló tó pè é lórí fóònù. Ọ̀dọ̀ mi ló ti pè é, mo gbọ́ ohùn Refugio ketekete láti ibi tí mo jókòó sí.

"O sin ìyá mi láìsí mi ńbẹ̀. Má pè mí mọ́, Eustolia."

Kò pè é mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń lọ sókè ọ̀hún ló ń rán sí i: pé òun ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, òun ò fẹ́ àlàyé, kí ó ṣáà wá béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Refugio kò fèsì. Lọ́dọọdún, ife tí Dóńà Eustolia bá kọ́kọ́ bù, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń gbé e sí, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, á dà á sí ìdí ọkà fúnra rẹ̀, á wá ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé. Èyí ń lọ, tọ̀hún ń lọ, títí ó fi di ọdún kan tí ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Dóńà Eustolia láti òwúrọ̀. Àwọn àlejò wọlé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jáde bí ẹni tó wọ ilé òkú. Ó dùn ún wọra. Ó sọ fún mi pé ilé tí wọn ò ti béèrè, lásán ni Wúńdíá ń sunkún níbẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ pe Leobardo, ọmọ ìlú wa tó ń mú àwọn àlejò káàkiri, ó ní kí ó máa kọ́ wọn ní ìbéèrè náà kí wọ́n tó dé.

Mo takò ó. Mo ní, "Ẹ fẹ́ kọ́ odídẹrẹ́ lọ́rọ̀ ni, Dóńà Eustolia?"

Ó ní, "Odídẹrẹ́ sàn ju ẹni tó yadi lọ, Tomasa."

Kí n má parọ́, inú rẹ̀ dùn lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn àlejò á tò wọlé, wọ́n á jùmọ̀ ké ìbéèrè náà, wọ́n á fa ohùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká wọn mọ́. Ó di ẹni tó ń dáhùn láìgbójú sókè. Á tẹ orí mọ́ ìkòkò omi ìṣápá, á ní "Ó ti sunkún o," á na ife sí ẹni tó bá wà níwájú, á wá fi kún un pé, "Ẹ sún síwájú díẹ̀, káwọn tó kù ráyè wọlé." Ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn.

Lọ́dún yìí, Abundio ta ilé náà. Mi ò lè dá a lẹ́bi tán, ìyá rẹ̀ kò lè máa dá gbé mọ́. Ilé ìtura ni àwọn tó rà á fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn Àjíǹde ni Dóńà Eustolia yóò kó lọ sí Celaya, kò sì sí ẹnu ọ̀nà kankan ní Celaya tí Refugio mọ̀. Nítorí náà ó rán ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sí ọmọbìnrin Refugio, pé kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé pẹpẹ tí a óò tẹ́ kẹ́yìn nílé màmá wọn nìyí. Àwa ti gbọ́ pé Refugio ti gba ìwé ìgbélùú, pé ó lè lọ kí ó sì bọ̀ bó bá ṣe wù ú. Ọmọ náà ní òun á jẹ́ ẹ fún un. A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo bá a to àbẹ́là. Aṣọ àlùkò tó lọ̀ fún pẹpẹ náà kò ní ìhunjọ kankan, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ti rí yẹn. Ó bu ife àkọ́kọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Ẹ má retí jù o."

Ó ní, "Mi ò retí. Mo kàn bù ú ni."

Irọ́ ló ń pa. Aṣọ tó fi lọ sí ìsìnkú ìyá wọn ló wọ̀.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, òpópónà ti kún. Leobardo kó àwọn èèyàn wọlé, ó kó wọn jáde, ó tún kó òmíràn dé. Yìnyín wá tán nínú ìkòkò, mo sì sáré jáde lọ ra òmíràn. Ìbéèrè náà ń lé mi bọ̀ lẹ́yìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀, ó ti sú mi. Nígbà tí mo padà dé, ìtò náà ṣì gùn, Dóńà Eustolia ṣì tẹ orí mọ́ ìkòkò.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin òyìnbó kan padà wá, ó fẹ́ bá Leobardo sọ̀rọ̀. Leobardo ń túmọ̀ ohun tó ń sọ fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní nínú gbogbo ohun tí òun rí ní San Miguel, ìyá àgbà tó dé fìlà koríko nínú ìtò ló wú òun lórí jù. Ó ní gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ìyá yẹn nìkan ló béèrè tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó sì ń sunkún bó ti ń mu omi náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣe ni a gbà á síṣẹ́ kí ó máa sunkún fún àwọn àlejò.

Leobardo dá a lóhùn pé rárá, a ò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ ẹkún. Ọmọ náà bá mú fóònù rẹ̀ jáde kí ó fi hàn án. Èmi ni mo kọ́kọ́ wo fọ́tò náà. Obìnrin kan tẹ̀ síwájú pẹpẹ, ó ń da ìyókù inú ife rẹ̀ sí ìdí ọkà. Ojú ìyá wọn gan-an ni, pẹ̀lú àgbọ̀n yẹn, àfi fìlà tó dé. Mo figbe ta.

Dóńà Eustolia ní, "Ta ni? Gbé e wá."

Ó gbé fóònù náà sún mọ́ imú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ọmọ òyìnbó náà ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ṣe.

"Refugio ni," ó ní. "Ó béèrè, mo sì dá a lóhùn." Ó dá fóònù náà padà. "Mo ní kó sún síwájú, Tomasa. Mo ní káwọn tó kù ráyè wọlé."

Leobardo ti sáré jáde. Ó wá a káàkiri ojúde ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ibùdókọ̀, ó wọ gbogbo ilé ìtura tó mọ̀. Ó bá ilé kékeré kan tí obìnrin onífìlà koríko kan sùn sí, wọ́n ní ó ti gbé báàgì rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Dóńà Eustolia kò jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn. Ife àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dà á.

Ọ̀la rẹ̀ ni mo pe ọmọbìnrin Refugio. Ìyá rẹ̀ ti padà dé, ó wà nílé, ṣùgbọ́n kò gbà láti bá wa sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ fún mi. Refugio ní òun ti ṣe ohun tí màmá wọn ní kí wọ́n máa ṣe. Òun béèrè, ẹ̀gbọ́n òun dáhùn, òun mu ún, òun da ìyókù sí ìdí ọkà. Ìjà ti tán, òun ò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ṣùgbọ́n òun dúró níwájú ẹni tó pọn òun dàgbà, ẹni náà ò sì gbójú sókè. Ó fi òun sáàárín àwọn àlejò, ó ní kí òun sún síwájú. Òun sì sún.

Mo ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ojú Dóńà Eustolia ti ń lọ, pé kò rí i ni. Mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. N kò gbọ́ èsì.

Mo padà sọ gbogbo rẹ̀ fún Dóńà Eustolia, n kò bu òkèlè kankan kúrò níbẹ̀, torí kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń tàn jẹ. Kò sunkún. Ó ní, "Ojú mi ti ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi ò lọ. Ó yẹ kí n mọ ohùn ẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n pariwo bò ó."

Láti ọjọ́ náà títí Abundio fi wá kó o lọ, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, á dá a dúró, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á fà á sún mọ́ra títí ojú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹni náà, á wò ó dáadáa, á wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Òyìnbó ni o, ará ìlú ni o, kò jẹ́ kí ẹnì kankan kọjá lọ láìwò.

Inú àwọn àlejò dùn sí i púpọ̀. Leobardo sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìlú wa ní báyìí nìyẹn, pé ní San Miguel, àwọn ìyá àgbà máa ń wo àjèjì lójú bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.